Bébà Gé Mi

Ọ̀fìnkìn ni mo pè é.
Ikọ́ ọjọ́ márùn-ún, ibà, omi lójú,
irú èyí tí gbogbo Ṣómólú ń kó nígbà ọyẹ́.
Mo mu àgbo, mo lo oògùn tí Ìbídùn rà ní kẹ́mísí,
mo padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi.
Ìwé ètò ìsìnkú ẹgbẹ̀rún kan ló wà nílẹ̀;
òkú kì í dúró de ẹni tó ń wúkọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo rò pé mo ti bọ́.
Mo dìde lórí àga,
ilẹ̀ ti di tìmùtìmù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi.
Èèrà ń tò lábẹ́ awọ, láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá sókè,
wọn kò jẹ mí, wọ́n kàn ń kọjá.
Mo tún bébà tò, bébà gé mi.
Tíjàní, ọmọṣẹ́ mi, ló pariwo:
“Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ti wà lójú olóògbé!”
Mo wo ìka náà bí ẹni ń wo ìka àlejò.

Di ọjọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ kò gbé mi mọ́.
Ìyá mi dé, ó béèrè ohun tí mo tẹ̀ lójú ọ̀nà,
ó ka orúkọ àwọn ará ilé bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan,
títí Ìbídùn fi ní, “Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Ìdí-Àràbà ná.”
Lóòótọ́, ẹnì kan ń bá mi jà.
A kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Dókítà Ọ̀ṣúntógùn fi òòlù rọ́bà kan orúnkún mi:
orúnkún dákẹ́.
Ó kan èkejì. Ó dákẹ́.
Ó fa omi láti ẹ̀yìn mi, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì:
“Ṣé ẹ mọ wáyà iná? Rọ́bà ló wọ̀ lẹ́wù.
Iṣan ìmọ̀lára náà ní ẹ̀wù tirẹ̀.
Nígbà tí kòkòrò ikọ́ yẹn wọlé,
àwọn ọmọ ogun ara yín dìde, wọ́n sì ṣẹ́gun.
Ṣùgbọ́n ẹ̀wù kòkòrò ọ̀hún jọ ẹ̀wù iṣan.
Ogun tán, wọn ò bọ́ ìhámọ́ra.
Wọ́n ń tú iṣan yín sí ìhòòhò.”

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń tẹ̀wé.
Mo mọ àṣìṣe bẹ́ẹ̀:
àwọ̀ pupa á yẹ̀ díẹ̀ báyìí,
imú olóògbé á di méjì.
Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yìí fún ẹlòmíì,
n kò mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ni mí.

Ó gun àyà mi lóru.
Wọ́n ki ọ̀pá sí mi lọ́fun, ẹ̀rọ ń bá mi mí,
hùù, háà, hùù, háà,
bí ẹ̀rọ mi ṣe ń gbé bébà kan, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀.
Mo ń gbọ́ gbogbo yín.
Mo gbọ́ tí Ìbídùn ń sọ fún àbúrò rẹ̀
pé òun ti ta ẹ̀rọ ìgébébà.
N kò lè la ẹnu
sọ pé: ó dára, tà á.

Ogójì ọjọ́ ó lé mẹ́ta.
Ó padà bọ̀ láti òkè wálẹ̀,
bí ìgbà tí NEPA ń mú iná wá lójúlé lójúlé:
ọrùn, èjìká, ìgbọ̀nwọ́.
Àtàǹpàkò dúró nínú òkùnkùn fún oṣù méjì.
Ìyáàfin Ọmọ́ladùn tó ń kọ́ mi ní ìrìn
kì í bẹ̀bẹ̀. “Ẹ gbé e. Mo ní ẹ gbé e.”
Èmi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, mo ń tọ ògiri.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù,
mo na ọwọ́ sí káàdì ìsọmọlórúkọ kan,
bébà gé mi.
Ó ta mí! Ó ta mí dé apá!
Tíjàní sáré mú àkísà wá,
mo ní kó fi ẹ̀jẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná.

Ẹsẹ̀ òsì kò tíì jí tán.
Bí mo bá ń lọ sílé lálẹ́, mo máa ń wò ó,
kó má baà gbàgbé mi sétí gọ́tà.