Ọ̀pá Ìwọnmi

Kí ọyẹ́ tó ká kúrò lórí àpáta Ìyàrà,
mo ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí dáàmù lọ kí ọ̀pá ìwọnmi.
"Ọ̀kun o."
Kì í dáhùn. Nọ́ńbà ni ẹnu rẹ̀.
Mẹ́jọ nígbà tí a jẹ iṣu tuntun èṣí,
márùn-ún nígbà tí káṣú tanná,
méjì nígbà tó yẹ kí òjò ti lé wa wálé láti oko.
Àwọsánmà ṣú lẹ́ẹ̀kan,
ó wò wá bí ẹni tó gbàgbé orúkọ wa,
ó yà sọ́nà Kábà.

Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi wà ní ìbàdí mi,
irin wíwúwo, ó gùn tó apá ọmọdé.
Ìyàwó mi ní mo ti ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Nínú ìwé, ọwọ́ mi ni mo fi pín in:
Ajé, Òkè-Àpáta. Ọjọ́rú, Ìdí-Ayùn.
Ilé ìwòsàn, wákàtí kan lójúmọ́.
Oko ìrẹsì ìsàlẹ̀: kò sí.

Mẹ́dùpìn ló ni oko ìrẹsì. Àna mi ni.
Ó wá lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó sórí àpótí,
ó ń wo èékánná rẹ̀.
Ó ní, "Ìrẹsì ti fẹ́ yọmọ."
Mo ní, "Mo mọ̀."
Àwa méjèèjì ń gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta tó ń kùn lókèèrè
títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí omi ti ń sá, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń padà bọ̀:
kùkùté igi irúgbá tí bàbá mi gé
lọ́dún tí ìjọba da omi bo oko wa,
ọlọ ìyá àgbà, ìdajì rẹ̀,
nínú ẹrẹ̀ tó ti sán bí ẹ̀yìn ìjàpá.
Ọmọ kan fẹ́ gbé e. Mo ní kó fi sílẹ̀, omi ló ni ín.
N kò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Darandaran kan kọjá, ọmọ màlúù kan lórí èjìká rẹ̀.
Mo bu garawa méjì fún un nínú ìpín ilé mi.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, eérú ni ìyàwó mi fi fọ abọ́.
Kò wí nǹkan kan. Ó kàn fọ̀ ọ́ pẹ́.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.
Ta ló da èyí tí mo ń tẹ̀ yìí?

Òru ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì Dọ́kási kan fèrèsé:
ìbejì ń bọ̀, táǹkì ilé ìwòsàn ti gbẹ.
Mo yí irin náà lẹ́ẹ̀mẹta.
Omi kọ́kọ́ húkọ́, ó pọ ìpẹtà,
kó tó rántí ọ̀nà.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo kọ ọ́ sínú ìwé:
Ogún ìṣẹ́jú. Láìgbàṣẹ. Èmi ni.

Ilẹ̀ mọ́, gbogbo Ìdí-Ayùn ti gbọ́.
Wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì wá, òfìfo, wọ́n tò ó sẹ́nu ọ̀nà mi.
Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀; kẹ́ẹ̀gì ń rojọ́.
Mo na ìwé sí wọn.
Mẹ́dùpìn ló gbà á. Ó kà á sókè, ojú ìwé dé ojú ìwé,
ó ka òru àná, ó ka "Èmi ni",
ó padà sẹ́yìn, ó dé orí oko ìrẹsì,
ó dákẹ́ díẹ̀,
ó ka "kò sí" náà,
ó ṣí ojú ìwé tó kàn.
Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wọn.

Láàárọ̀ yìí omi ti kúrò lórí òdo.
Àwọn tó kun ọ̀pá náà kò kọ nǹkan kan sísàlẹ̀ ibẹ̀;
bóyá wọn ò rò ó débẹ̀.
Mo ṣa èédú nídìí àdògán wa,
mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo fa ìlà kan,
mo fa òmíràn sábẹ́ rẹ̀,
mo sì fi àyè sílẹ̀.