Ihò Òsì

Oṣù mẹ́ta ni ikun fi ń dà nímú Dolgoon.
Ìyá ọkọ mi ní òtútù Ulaanbaatar ni,
èyí tó ń sọ itọ́ di yìnyín kó tó balẹ̀.
Ọkọ mi ní èéfín èédú ni,
tó sọ ojú ọ̀run di ìdí ìkòkò.
Èmi fura sí ọmọ ewúrẹ́; mo lé e síta.

Nọ́ọ̀sì Sarnai ò bá wa jiyàn.
"Ṣé ihò méjèèjì ló ń ṣàn?"
Mo wò ó.
Òsì nìkan.

Ó tanná sí i, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́
fa ìlẹ̀kẹ̀ búlúù kan jáde, tó ń rùn:
ìlẹ̀kẹ̀ ara fìlà ìgbéyàwó mi,
tí mo tìtorí ẹ̀ pe àbúrò ọkọ mi lólè.

Dolgoon sín. Ó nawọ́:
"Tèmi ni."