Ohun Tó Dìran

Dókítà ní Aṣúbíaró bi mí: ta ló ń mutí nílé yín?
Mo ní, ta ni kì í mu?

Ọ̀ṣúndìran, bàbá bàbá mi, ń ju àsíá fún rélùwéè.
Ọkọ̀ ò wá mọ́; ó ṣì ń jù ú láago mẹ́rin ìdájí
sójú irin tí koríko ti bò.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. A ní afẹ́fẹ́ ni.

Bàbá mi ńkọ́? Ẹ jẹ́ á fi í sílẹ̀.
Àbúrò rẹ̀, Mùfútáù, Ìkìrun ló dàgbà sí,
nílé àáfà tí ìgò òfìfo kì í wọ̀.
Ó pé ogún ọdún, ó rìn tààrà dé ìsọ̀ ológógóró
bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún nínú oyún.

Dókítà ní oje kan wà nínú ọpọlọ
tó ń sọ fún ara pé ó dùn, ó tó;
tàwọn mìíràn lè ṣọ̀wọ́n láti ìbí,
kí ọtí wá yọ bí olówó èlé, tẹ̀rín-tẹ̀rín.
“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ló wí. Kò búra.

Èmi? Ẹ̀ẹ̀kan péré, ní Alékúwodò, ife bíà kan.
Àwọn ọ̀rẹ́ mi fajú ro, wọ́n ló korò.
Èmi, nǹkan kan jókòó nínú orí mi
bí ẹni tó ti wà lórí ìdúró láti ìkókó.
Mo gbé ife sílẹ̀. Ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe ìwà rere.

Nílé, Àwẹ̀ró ọmọ mi yẹ káàdì mi wò:
kí ni wọ́n kọ síbí?
Mo ní, orúkọ bàbá bàbá mi ni.