Ojúlé Sólrún

Yìnyín ti bo fèrèsé ilé ìwòsàn n'Ísafjörður.
Ketill dúró, fìlà lọ́wọ́:
"Ẹ bá mi wá Sólrún
láàrin àwọn tó ń retí iṣẹ́ abẹ."

Sólrún pọ̀ níbẹ̀ bí ẹja.
Ká ní à ń kanlẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé,
"Ẹ ǹlẹ́ o, ṣé ẹ̀yin ni?",
ilẹ̀ ì bá mọ́ bá wa lẹ́nu ọ̀nà onílé tí a ò mọ̀.
Hallbera ò kanlẹ̀kùn kankan.
Ó tẹ orúkọ, ó tẹ ọjọ́ ìbí;
atọ́ka nàka:
fáìlì kẹta, ojú ewé ogójì, ìlà kọkànlá.
Ó ṣẹ́jú, ó débẹ̀.

Nọ́ńbà ò mọ̀ pé Sólrún máa ń kọrin fún òwú
bó bá ń hun ibọ̀sẹ̀.
Ibi tó wà nìkan ló mọ̀.

"Ẹ pa á rẹ́," ni Ketill wí.
"Ó sùn lálẹ́ àná. Kò jí."

Ìlà kọkànlá ṣófo.
Ìkẹwàá ò sún, ìkejìlá ò sún.
Bóyá lọ́la, ẹlòmíì á wọ̀ síbẹ̀.
Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà,
ó ń lọ sílé tí kò nílò atọ́ka.