Iná Kẹta

Ní Saskáṣíwánì, yìnyín ti bo ọ̀nà mọ́lẹ̀,
ajá gan-an kò fẹ́ jáde lọ tọ̀.
Petro Hnatiuk, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin,
jókòó sílé onípákó ẹ̀yìnkùlé,
ó ń fi dírílì dá páìpù omi àtijọ́ lu,
ihò tí irùngbọ̀n ológbò kan ṣoṣo lè dí.

Àgbẹ̀dẹ rẹ̀ kò ju àpótí bíríkì kan lọ.
Kò sí ẹwìrì, kò sí èédú;
gáàsì ìdáná ni, àti afẹ́fẹ́ tó bá fà wọlé fúnra rẹ̀.

Àkọ́kọ́ wúkọ́, ó kú.
Èkejì ń jó rẹ́súrẹ́sú bí àtùpà onígbèsè,
ó ń sá padà sínú páìpù, ó ń gbó.
Petro bú u ní èdè ìyá rẹ̀,
èdè tí kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́
láti ọjọ́ tí Olena ti papò dà.

Larisa, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló fọwọ́ kan sílíńdà:
"Bàbá àgbà, òtútù ló ń mú gáàsì yìí."
Wọ́n gbé e sínú bàsíà omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́,
bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Ẹ̀kẹta.
Ọmọ náà rọra ti ìdérí afẹ́fẹ́, ìwọ̀n èékánná kan,
iná bú ramúramù bí àgbàrá tó rí ojú ìṣàn,
ó di àwọ̀ aró.
Bíríkì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ọkọ́ Olena tó kán lọ́rùn wà lórí tábìlì, ó ń dúró.
Petro kò mú ẹmú. Ó pa iná.
Ó tún tàn án.
Ó ní òun kàn fẹ́ tún gbọ́ ohùn rẹ̀ ni.