Ìwọ̀n Eku

Òórùn rọ́bà tó ń jó ló jí mi láàárọ̀ Ọjọ́rú.
Kọ̀ǹpútà tí Tanimọ́lá fi sílẹ̀ nígbà tó ń kó lọ sí Calgary
ti mí èémí ìkẹyìn lábẹ́ tábìlì,
èéfín tín-ín-rín ń yọ ní ihò fáànù ẹ̀
bí ẹnu ẹni tó dúró de bọ́ọ̀sì ní Saskatoon.

Ẹ má bi mí ohun tí ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ń fi géèmù ṣe.
Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú lóru. Ilẹ̀ á mọ́, oorun á kọ̀ mí.
Ìgbà náà ni mo máa ń wa tírélà
lójú ọ̀nà tí yìnyín ò sí,
mo kó tòmátì, mo kó pákó,
n ò já ẹrù ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí.

Irinwó dọ́là ló wà nínú agolo bisikíìtì.
Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ ra káàdì àwòrán tuntun,
èyí tó ní fáànù mẹ́ta."
Mo wo iye ẹ̀: ẹgbẹ̀rin.
Fáànù mẹ́ta! Ṣé màlúù ló fẹ́ fi fẹ́ ni?
Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó iná:
àpótí àtijọ́, a ò pààrọ̀ ẹ̀, ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń rí i.
Ìrántí, ọ̀kan ṣì yè; màá ra ẹnì kejì fún un, kí wọ́n jọ máa rántí.
Ọpọlọ ńkọ́? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.
Mo ra èyí tó jáde lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn,
tí owó ẹ̀ ti wálẹ̀ bí ti aṣọ tí ìgbà ẹ̀ kọjá.
(Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mú èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá ihò pátákó mu.)
Àpò iná, àádọ́rùn-ún dọ́là.
Tanimọ́lá kígbe: "Ìyẹn ò lè mú géèmù yá!"
Mo ní ogójì la ra èyí tó jóná,
a sì rò pé a jèrè.

Ó ku káàdì.
Dmytro, tó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, dúró dè mí níwájú ilé epo
nínú òtútù ọgbọ̀n lábẹ́ òdo.
Ó fi ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé méjì wé e.
Àádọ́jọ ló pè é.
Mo bi í ta ló ń lò ó.
"Ọmọbìnrin mi. Ó ti lọ sí yunifásítì."
A dákẹ́ díẹ̀, èéfín ẹnu wa pàdé ara wọn.
Síbẹ̀, mo ná an di àádóje.

Mo fi káàdì náà sórí àga fún wákàtí mẹ́ta
kí òtútù ara ẹ̀ yọ́, kí omi ẹ̀ gbẹ.
Mo de síkúrùù. Mo ki wáyà. Mo tẹ bọ́tìnnì.
Kẹ́kẹ́ pa.
Mo tún un tẹ̀. Mo pe Calgary, ohùn mi ti ń gbọ̀n.
"Màmá, ẹ wo ẹ̀yìn àpò iná, bọ́tìnnì kékeré kan wà níbẹ̀."
Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. N ò tíì tàn án.

Aago méje àárọ̀ báyìí. Òjò dídì ń bọ́ lójú fèrèsé.
Ogún ẹ̀rọ ìfọṣọ ló wà lẹ́yìn mi,
mò ń gbé wọn lọ sí ìlú kan tó lóòrùn.
Fáànù kan ṣoṣo ń kùn lẹ́bàá orúnkún mi.