Ogún Sọ́ọ̀mù

Ní Nárììnì, níbi tí òjò dídì ti ń bá ilé gbé bí àna tí kò fẹ́ lọ,
olùkọ́ wa Búrúlúkán wọlé lọ́jọ́ Ajé kan
láìmú ìwé dání.
Bàtà ló gbé sórí tábìlì,
ẹyọ kan péré, kò ní èkejì,
bàtà irun àgùntàn, ojú okùn rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu ẹja.
Ó ní, "Ta ni yóò rà á?"
A bú sẹ́rìn-ín.
Ó dúró títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu wa.
"Ogójì irú rẹ̀ ni mo tà."

Ilé ìtura kan létí adágún ló rà wọ́n.
Oṣù kò tíì lé tí okùn fi já,
tí àlejò ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ilé olówó.
Kò sá, kò sì pa fóònù.
Ó wọ ọkọ̀, ó lọ kà á fún wọn, owó lórí owó.
Abo màlúù ìyá rẹ̀ ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ.
"Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí koríko fi hù.
Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìtura náà tún ń wá bàtà,
ta lẹ rò pé wọ́n pè?"

Máksàtì, ọ̀mọ̀wé kíláàsì, ti dé iwájú pátákó:
ÌGBOYÀ. SÙÚRÙ. ÒTÍTỌ́. ÌFORÍTÌ.
Lẹ́tà rẹ̀ dára, kí n má purọ́.
Búrúlúkán mu tíì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
ó fi apá kóòtù nu gbogbo rẹ̀ nù.
"Ẹni tó dárúkọ ẹran kò tíì jẹ ẹran."
Ó wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ogún sọ́ọ̀mù,
owó tí kò lè ra odidi búrẹ́dì.
"Ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ lọ."

Ùránbẹ́ẹ̀kì ra hóró òdòdó oòrùn,
ó wọ̀n ọ́n sínú ìwé ìròyìn, ó tà á létí pápá bọ́ọ̀lù.
Èrè dé. Ṣùgbọ́n itọ́ ẹnu ló fi ń lẹ ìwé pọ̀;
ẹni méjì rí i, wọn kò padà wá mọ́.
Táláyì jẹ tirẹ̀.
"Sámúsà ni, ìyá olùkọ́. Ó gbóná."
"Ta ló tà á fún ọ? Kí ló dé tó o fi kọjá àwọn yòókù?"
Ni Táláyì bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀:
obìnrin náà mọ orúkọ òun,
ó máa ń bi òun nípa ẹsẹ̀ bàbá òun tó ṣẹ́...
Ẹni tí kì í dáhùn ní kíláàsì sọ̀rọ̀ títí aago fi lù.
Èmi? Mo fi tèmi sínú ìwé ìṣirò, mo dá a padà láìyingin.

Sáíkálì kò mú owó wá. Ìwé kékeré ló mú wá.
Ó ti lọ sí ibùdókọ̀, ó bi àwọn darandaran tó ń gòkè lọ:
"Kí ló ń dùn yín jù lọ́hùn-ún?"
Kì í ṣe ìkookò. Kì í ṣe òtútù.
Fóònù tó kú ni,
tí bàbá kò fi mọ̀ bóyá ibà ti fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nílùú.
Ènìyàn mọ́kànlélógún, ìdáhùn kan náà.
"Èrè dà?" ni olùkọ́ wí.
"Kò tíì sí."
Búrúlúkán mú ṣọ́ọ̀kì.
KÒ TÍÌ.
Òun nìkan ló kọ lọ́jọ́ náà.

Ẹṣin tẹ sólà àkọ́kọ́ Sáíkálì fọ́.
Èkejì, àwọn ọlọ́ṣà gbé e.
Ẹ̀kẹta ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣírò owó,
mo ṣì wà níbẹ̀.
Nígbà tí mo fẹ́ dá owó padà lọ́jọ́ náà,
Búrúlúkán ti ọwọ́ mi sẹ́yìn: "Máa mú un lọ."
Ó ti rọ̀ báyìí bí ewé.
Ogún sọ́ọ̀mù ni mo kà á sí nígbà náà.
Ọmọ mi yóò jẹ ẹ́.
Ogún ni.